Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Sọ Mí Sẹ́wọ̀n

Ẹ̀yin ará, kí n tó sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún mi, ẹ jẹ́ kí n fi tọ́rọ́, owó àtijọ́ yẹn, bẹ̀rẹ̀ ọpẹ́ mi. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, tọ́rọ́ ni mọ́tò láti Agbowó dé Dùgbẹ̀. Sísì, ìyẹn tọ́rọ́ méjì, á ra oúnjẹ ọ̀sán, ẹran á wà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni mo san fún takisí tó gbé mi gba Dùgbẹ̀ yẹn náà kọjá lọ sí kóòtù. Gbogbo nǹkan ló ti wọ́n, àfi orúkọ rere ẹni. Ìyẹn nìkan ló ti di ọ̀pọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tí kò jẹ́ kí wọ́n gba tèmi lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwa mẹ́rin la máa ń wọ mọ́tò tọ́rọ́ yẹn lọ́jọ́ Sátidé: èmi, Bánjí, Ṣọlá àti Gbádébọ̀. Họ́ọ̀lù kan náà la gbé. Nígbà tá a ríṣẹ́, a ra ilẹ̀ sí àdúgbò kan náà ní Bódìjà, ká lè jọ darúgbó pọ̀. Ẹ má gbàgbé Gbádébọ̀ yẹn o, torí òun gan-an ló fẹ́ sọ mí sẹ́wọ̀n.

Gbádébọ̀ ni ṣíámánì àwọn lánlọ́ọ̀dù wa. Èmi ni mò ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé kékeré tí ẹ̀rọ tó ń fa omi àdúgbò wà, nítorí èmi ni mo máa ń tètè jí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo débẹ̀, àgàdágodo wà ní títì, mo ṣí i, ẹ̀rọ ò sí. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn lọ sọ fún ṣíámánì. Nípàdé ọjọ́ náà, ó ní wọn ò já ilẹ̀kùn, nítorí náà ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ló mọ̀ nípa ẹ̀. Mo lu tábìlì. Mo bú u, mi ò ní parọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tó béèrè mẹ́gádì àdúgbò wa tó lọ láì dágbére, tí kọ́kọ́rọ́ kejì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe nìyí, ẹ̀yin alàgbà tẹ́ ẹ jókòó níwájú yìí lẹ sì bá mi ṣe é. Ẹ wá sílé mi. Ẹ ní kí n lọ bẹ Gbádébọ̀, kí ọ̀rọ̀ tán. Mo béèrè pé kí ni mo jí. Ẹ ní kò sẹ́ni tó sọ pé mo jalè, kí n ṣáà bẹ̀ ẹ́. Mo ní mi ò lè dọ̀bálẹ̀ fún ẹgbẹ́ mi. Ẹ ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé nígbà náà. Mo jókòó, mo fi òyìnbó gidi tí wọ́n kọ́ wa láyé ọjọ́un kọ ọ́ pé mo tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi, kó jẹ́ kó tán síbẹ̀. Mo buwọ́ lù ú.

Gbádébọ̀ mú ìwé náà lọ sí tẹ́ṣàn.

Ọlọ́pàá kan tí àbígbẹ̀yìn mi dàgbà jù lọ kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti dín iṣẹ́ wa kù. Ẹ ti jẹ́wọ́." Ọjọ́ méjì ni mo lò látìmọ́lé kí ìyàwó mi tó rí oníduùró tó gba béèlì mi. Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n kà sí mi lẹ́sẹ̀. Èyí ńlá ni olè jíjà, tó lè gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Èyí kékeré ni pé mo da àlàáfíà àdúgbò rú, ìyẹn tábìlì tí mo lù. Èmi ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ẹ má sọ pé kí n rọra.

Lọ́yà mi, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fúnkẹ́, tí ọ́fíìsì ẹ̀ wà ní Ring Road, bi mí bóyá Gbádébọ̀ náà ti bẹ̀bẹ̀ rí. Mo sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nígbà tá a wà ní họ́ọ̀lù fún un. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún mi pé bí Gbádébọ̀ bá ti gbàgbé, tàbí tó bá sẹ́, kò sẹ́lòmíì tó lè jẹ́rìí sí i mọ́.

Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, àdúrà kan ṣoṣo ni mo sì gbà. Mi ò ní kí Ọlọ́run pa ọ̀tá mi. Mo ní, "Olúwa, Gbádébọ̀ ti darúgbó, ó máa ń gbàgbé ibi tó fi awò ojú ẹ̀ sí. Jọ̀ọ́, jẹ́ kó rántí."

Ọjọ́ tó jẹ́rìí, Fúnkẹ́ dìde. "Bàbá, ṣé ẹ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ọ̀gá họ́ọ̀lù yín rí?"

Gbádébọ̀ wòkè títí. Mo di irin tó wà níwájú mi mú. Nígbà tó yá, ẹ̀rín yọ lójú ẹ̀.

"Mo kọ ọ́. Òyìnbó tèmi ló dáa jù nínú àwa mẹ́rin."

"Kí lẹ ṣẹ̀?"

"Èmi? Mi ò ṣẹ̀ ẹ́. Bánjí ló fi bọ́ọ̀lù fọ́ fèrèsé wọn."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi tọrọ àforíjì?"

"Kí wọ́n má baà lé e lọ sílé ni. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ̀bi kó tó bẹ̀bẹ̀ ni? Ọmọ Yorùbá ṣáà ni ẹ́."

Fúnkẹ́ kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó jókòó. Gbádébọ̀ ò tíì pa ẹnu ẹ̀ dé. Mo rí i lójú ẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ tó sọ padà wá bá a. Adájọ́ gbé bírò sílẹ̀, ó ń wò ó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, adájọ́ ní yàtọ̀ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ mi, kò sí ẹ̀rí kankan, olùpẹjọ́ fúnra ẹ̀ sì ti sọ ohun tí ìwé ẹ̀bẹ̀ jẹ́. Ó ní tábìlì tí mo lù ò tó ẹjọ́. Ó dá mi láre lórí ẹ̀sùn méjèèjì.

Títí di òní, a ò rí ẹ̀rọ náà, kò sì sẹ́ni tó wá mẹ́gádì lọ. Gbádébọ̀ rán ìyàwó ẹ̀ sí mi pé òun fẹ́ wá bẹ̀ mí. Mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ bá mi yọ̀, ará. Ẹ jẹ́ ká fi ògo fún Ẹni tó rán arúgbó létí. Àwa mẹ́rin la jọ wọ mọ́tò tọ́rọ́. Bánjí ti lọ. Ṣọlá náà ti lọ, ilé ẹ̀ ti di ti àyálégbé. Èmi wà láàyè, mo sì wà nílé mi. Gbádébọ̀ wà láàyè.