Ọ̀rọ̀ Tí Jeppe Kò Sọ Lábẹ́ Igi Máńgòrò

Sátidé tó ń bọ̀ ni èmi Tadala máa wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ di ìyàwó Jeppe, mo sì ti pinnu pé n kò ní gbé irọ́ sínú aṣọ funfun. Ẹ̀yin tí ẹ ti ìlú mìíràn dé, tí ẹ ń yìn wá kiri pé ìfẹ́ wa mọ́ bí omi adágún, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin náà wàyí.

Nígbà tí Jeppe ti Denmark dé sí ilé ẹ̀kọ́ Chigonere, létí adágún Malawi níbí, láti wá fi ọdún kan kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́, gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ, imú ló ń gbà jáde. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ kò gbọ́ ìdajì ẹ̀. Ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá ní kí èmi tí mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, tí mo kàn ń bá ìyá mi sá ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní usipa, wá máa ṣe ògbufọ̀ fún un. Bí ó bá ti fi ojú búlúù yẹn wò mí báyìí, ẹsẹ̀ mi kì í mọ ilẹ̀ mọ́. Irọ́ mi àkọ́kọ́ kò tó nǹkan. Ó ní kí àwọn ọmọ ṣírò ibi tí ọkọ̀ ojú irin méjì á ti pàdé. Ta ló mọ ọkọ̀ ojú irin nínú wọn? Mo sọ ọ́ di ọkọ̀ apẹja méjì, wọ́n sì rí ìdáhùn ẹ̀ kíá. Inú Jeppe dùn, ó rò pé iṣẹ́ òun ni. Mo jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Bí ahọ́n mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yà bàrá nìyẹn, kò sì sí ẹni tó kọ́ mi.

Àsìkò usipa dé. Lọ́sàn-án, ìdí ẹja ni gbogbo ọmọbìnrin wà, tí wọ́n ń yí i nínú oòrùn, kíláàsì ṣófo. Ìdánwò ìjáde sì ti ń sún mọ́lé. Ìpàdé àwọn òbí wá bọ́ sí ọjọ́ tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹnì kan ṣoṣo tó tún gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa nínú wa, lọ sí ìsìnkú ní Salima. Jeppe dìde lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní òun ti kùnà. Ó ní àwọn ọmọ yìí kò lè yege, òun kò sì mọ ohun tí òun tún lè ṣe. Ọjọ́ Ẹtì ni òun ń padà sílé, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dárí ji òun. Omi dà lójú rẹ̀. Ó wá kọjú sí mi kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ òun.

Atupele àbúrò mi wà láàárín àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ, ó ń wo ẹnu mi. Ẹ má wulẹ̀ rò pé nítorí ìwé Atupele nìkan ni o. Mò ń wo ọrùn Jeppe tí oòrùn ti pọ́n, mo sì ń rò ó pé ọjọ́ Ẹtì kò jìnnà.

Mo ní: "Ó ní gbogbo ọmọ yìí ló máa yege. Ó ní omijé ayọ̀ lẹ rí yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ dá àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ fún òun lọ́sàn-án, kí ẹ̀yin òbí máa yí ẹja yín fúnra yín títí ìdánwò á fi parí."

NaBanda, olórí àwọn ẹlẹ́ja, tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ló kọ́kọ́ fèsì. "Òyìnbó yìí mà gbọ́n ju bí imú ẹ̀ ṣe rí lọ. Bàbá Atupele, ẹ tètè wá kí n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń yí ẹja." Ẹ̀rín sọ. Àwọn obìnrin han gooro, wọ́n dìde, wọ́n ń jó yí Jeppe ká.

Ibí ni mo ti bà á jẹ́ pátápátá. Jeppe di ọwọ́ mi mú, ó bi mí pé kí ni wọ́n ń sọ. Mo wo inú ojú tí mo fẹ́ràn yẹn, mo ní: "Wọ́n ní àwọn ti dárí jì ẹ́. Wọ́n ní kí o má lọ."

Kò lọ. Àwọn ọmọbìnrin padà sí kíláàsì, àwọn ọkùnrin ń yí ẹja, wọ́n ń gba èébú lọ́dọ̀ ìyàwó wọn. Nígbà tí èsì jáde, àfi ọmọ tí ibà gbé dè lọ́jọ́ ìdánwò, gbogbo wọn ló yege, Atupele sì wọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Lilongwe. Jeppe ni wọ́n gbé sókè. Ó padà sí Denmark, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé ibì kan wà tí èèyàn ti lè jẹ́wọ́ pé òun kùnà, tí wọ́n á jó fún un. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣe kọ́ Chichewa, èdè wa, nítorí ẹ̀ ló ṣe padà wá, nítorí ẹ̀ ló ṣe ní kí n fẹ́ òun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, létí omi, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Kò wá jẹ òkèlè nsima nílé wa mọ́, mo sì sunkún bí ẹni tí wọ́n ti já òrùka lọ́wọ́ ẹ̀. Àfi bí ó ṣe pe gbogbo abúlé jọ. Chichewa ló fi sọ ọ́ fúnra ẹ̀: ohun tí òun sọ lọ́jọ́ náà, àti ohun tí èmi sọ. 

NaBanda dìde. "Ṣé Tadala tiwa ló sọ pé àwọn ọmọ wa á yege? Jeppe yìí la wá ń jó yí ká bí òpó ilé?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n fà mí bọ́ sáàárín, èmi ni wọ́n ń jó yí ká. Baálẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní irọ́ ni mo pa níwájú òun lábẹ́ igi máńgòrò, kí n mú ewúrẹ́ kan wá fi san ìtanràn. Mo mú un wá tayọ̀tayọ̀.

Jeppe wá dúró tì mí. "Tadala, láti òní lọ, bí mo bá ń sọ̀rọ̀, tèmi ni kí o sọ. Bí o bá ní tìẹ, màá jókòó kí o sọ ọ́."

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ọ̀rọ̀ gidi ni mo sọ lọ́jọ́ yẹn, mo sì fi orúkọ ọkùnrin bò ó nítorí mo rò pé wọn ò ní gbọ́ tọmọ ẹlẹ́ja. Bóyá wọn ì bá má gbọ́ lóòótọ́. Ẹ ṣáà dìde, kí ẹ fi orúkọ ara yín sọ ọ́. Ẹ̀yin kíláàsì kẹjọ ọdún náà, ẹ forí jì mí. Mo ṣèlérí lórí yín láìmọ ibi tó máa já sí. Èmi ni mo sọ pé ẹ máa yege. Ẹ sì yege.