Àlùmọ́gàjí Tó Wà Nínú Báàgì Ẹ̀gbọ́n Télọ̀

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Bọ̀dá Olóyin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa rédíò yẹn. Òótọ́ kan ti há mi lọ́fun tipẹ́, ó gbọ́dọ̀ jáde lónìí."

Bí télọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lórí àga gígùn tí wọ́n tẹ́ ẹ sí láti ìgbà tó ti ilé ìwòsàn dé. Wọ́n la ikùn rẹ̀, wọ́n sì rán an padà. Òun fúnra rẹ̀ ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé rírán dókítà náà kò gún tó tòun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìyàwó Bọ̀dá Olóyin, ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó ń fi ṣíbí fún un lọ́bẹ̀, ó ń wẹsẹ̀ fún un, ó ń kọrin sí i létí. Gbogbo ṣíbí ọbẹ̀ tó bá gbé mì, bí ìgbà tí èèyàn ń gbé abẹ́rẹ́ mì ni.

"Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí a fẹ́ wọ bàálù lọ síbi tí ọmọ yín ti ń gboyè dókítà?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbàgbé?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, mi ò sì sí níbẹ̀. Orí mi tó ń dàrú ló fà á."

Ọjọ́ náà, ẹ̀rọ tó ń wo inú ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú rí àlùmọ́gàjí ńlá nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀. Ohun mímú kì í bá èrò wọ inú bàálù. Inú báàgì ńlá tó ń lọ sí abẹ́ bàálù ni àyè rẹ̀. Wọ́n mú un wọ yàrá kékeré kan, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè títí bàálù fi gbéra. Kò mọ bí àlùmọ́gàjí ṣe débẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti gbà pé iyè òun ti ń ra. Ó jáwọ́ nínú mọ́tò wíwà. Bó bá dáná, ọkọ rẹ̀ ní láti wá wò ó bóyá ó ti pa sítóòfù.

"Kò sí ohun tó ṣe yín lórí, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo fi í síbẹ̀."

Kò jẹ́ kí wọ́n dá sí i.

"Èyí tí ọ̀gá mi fún mi lọ́jọ́ tí mo parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni. Ọmọbìnrin tó gba ẹrù wa sọ fún mi pé, 'Bàbá, ohun mímú, inú báàgì ńlá ni o.' Mo gbọ́ ọ ketekete. Àmọ́ mo rò pé wọ́n á tú báàgì ńlá lọ́nà, wọ́n á jí i, ni mo bá fi í sápò. Mo tún rò pé ta ló máa yẹ báàgì ìyá tó ti ń hu ewú wò? Nígbà tí ẹ lọ ṣanwọ́, tí ẹ ní kí n bá yín ṣọ́ ẹrù, mo fi ìborùn yín wé e, mo tì í wọ ìsàlẹ̀. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Òṣìṣẹ́ ààbò kan jáde wá, ó ní, 'Màmá yìí sọ pé àbúrò àwọn wà níbí. Ṣé ẹ̀yin ni, sà?' Wọ́n ti ń pe èrò bàálù wa. Mo ní mi ò mọ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí. Mo wọ bàálù, mo jẹun, mo tún tọrọ búrẹ́dì kún un. Nígbà tí ọmọ yín bèèrè yín, mo ní ẹ gbàgbé àlùmọ́gàjí sínú báàgì, pé ogbó ti ń dé. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ forí jì mí."

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn.

"Èmi kọ́ ni mo fi í síbẹ̀?"

"Ẹ̀yin kọ́."

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan?"

"Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan."

Ẹ̀rín tó bú jáde lẹ́nu rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ ikùn ló ti wá. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. "Olóyin, ṣé ẹ gbọ́? Orí mi pé. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi dà?"

Ọkọ rẹ̀ náà ti ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni wọ́n dá òun náà padà ní pápákọ̀ yẹn, torí ìgò oyin rẹ̀ tó pọ̀ ju ohun ṣíṣàn tí òfin gbà kéèyàn gbé lọ́wọ́. Ó kọ̀ láti jù ú nù. Ó jókòó síta, ó ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ́, ló bá rí opó kan tí bàálù ti fi sílẹ̀ nítorí àlùmọ́gàjí, tó ń sunkún, ó sì bù fún un.

"Èmi ò lè bá télọ̀ jà," ló wí. "Ǹ bá dá nìkan jẹ oyin yẹn tán ni."

Ẹ̀gbọ́n télọ̀ nu ojú rẹ̀. "Ti àlùmọ́gàjí, mo ti fi jì ọ́, ó fún mi lọ́kọ. Ti pé o ò mọ̀ mí, ó dùn mí. Jẹ́ kó dùn mí díẹ̀ ná, a ó jọ máa gbé e." Ó fa ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ sórí itan, ó tún aṣọ bò ó, ó sì pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. "Ọmọ mi, Bàbá Télọ̀ ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá ẹ sọ. Jókòó kó o tó gbọ́ ọ."

Télọ̀ gba fóònù. Ó sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, kò fi búrẹ́dì pàápàá sílẹ̀.

"Bàbá Télọ̀," ni ọmọ náà wí lọ́hùn-ún, ẹ̀rín àti ẹkún jọ ń jà lóhùn rẹ̀, "ẹ dúró kí n pe àwọn ọmọ mi wá. Ẹ tún un sọ fún wọn. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe ìyá àgbà."

Télọ̀ mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ," ló wí, "bí ẹ bá fi ẹrù yín sínú báàgì ẹlòmíì, tí wọ́n bá bi yín, ẹ tètè dáhùn."