Àdògán Tí Mo Gbé Jáde Kí N Tó Ké

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti fi ẹ̀sùn kan ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé mi. Onílé, awakọ̀, àwọn tó ń pín iná mànàmáná: kò sí ẹni tí n kò bá wí rí. Ẹ̀sùn tòní yàtọ̀. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ fi sùn, nítorí ohun tí bàbá aránṣọ kan ṣe níwájú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. N kò lè pa á mọ́ra mọ́.

Iba là ń gbé nígbà tí mo bí Tómiwá. Màámi wá láti Ìjẹ̀bú wá bá mi wẹ ọmọ. Òjò ọdún náà kò dá. Kò sí iná, ògiri ń làágùn. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ibà mú Màámi, wọ́n ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ.

Sítóòfù wà nílé, kẹrosíìnì wà nínú rẹ̀. Mo ní rárá, á rùn, á sì máa ṣèéfín. Èédú tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, èyí tí a rà ní Alaba Rago, ni mo dáná sí nínú àdògán lẹ́yìnkùlé. Mo fẹ́ ẹ títí ó fi pọ́n, tí kò rú èéfín kankan mọ́, mo wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ìyá ọmọ tuntun lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ilé àtijọ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, atẹ́gùn ń gba abẹ́ òrùlé kọjá. Yàrá tiwa kò ní ihò. Onílé ti kan fèrèsé kan pa nítorí olè. Èmi ti èkejì, mo sì fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn.

Màámi ní, “Ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀, kí n lè gbúròó yín tẹ́ ẹ bá dé.”

“Màámi, òtútù á wọlé. Ẹ sùn jàre.”

Mo pa á dé, mo pọn ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ pé n kò mọ̀. Kẹ́místírì ni mo kà ní yunifásítì. Mo mọ̀ pé èédú tó ń jó níbi tí atẹ́gùn kò tó máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde, èyí tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́. Mo kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo gba máàkì. Nínú yàrá ìyá mi ni n kò rántí rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, Màámi ti kú. Èédú ṣì pọ́n. Òòyì kọ́ èmi náà lẹ́nu ilẹ̀kùn, lójú ẹsẹ̀ ni mo sì mọ ohun tó pa wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Kí n tó ké, mo kọ́kọ́ gbé àdògán jáde. Mo da èédú sínú àgbàrá, ó dún ṣàà, omi gbé e lọ. Mo yọ aṣọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni mo ké.

Bàbá Káyọ̀dé, aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì, ti tan jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀ láti fi lọ aṣọ oníbàárà. Mo ti máa ń bá wọn jà lórí ariwo rẹ̀. Ẹnu géètì ló wà, níta gbangba, èéfín rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Síbẹ̀ mo nawọ́ sí i.

“Jẹnẹrétọ̀ yín ti pa ìyá mi!”

“Ìyá Tómiwá, mo ti pa ẹ̀rọ náà tipẹ́ o!”

Mo ní irọ́ ni. Mo pe orúkọ afẹ́fẹ́ náà lédè òyìnbó, mo ṣàlàyé fún gbogbo ilé bó ṣe ń pa ènìyàn. Obìnrin kan ní, “Aránṣọ ikú! Ta ló tún máa gbé aṣọ wá fún ẹ?” Onílé lé wọn jáde, wọ́n kó lọ sí Ijanikin. Èyí tó burú jù ni pé Bàbá Káyọ̀dé padà gbà mí gbọ́. Wọ́n ní ẹni tó kàwé ló mọ̀ ọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wá wa wá sí Okokomaiko, níbi tí a kó lọ. Wọ́n ti gbọ́ pé Tómiwá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iléèwé, wọ́n rán yunifọ́ọ̀mù fún un. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi rán an. Wọ́n ní àwọn kò tan jẹnẹrétọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi, èmi tí wọ́n lè bí lọ́mọ.

“Ìyá Tómiwá, mo ti ń darúgbó. Ẹ foríjì mí. Tí mo bá dọ́hùn-ún, kí ni mo máa wí fún màámi yín?”

Mo ní, “Mo ti foríjì yín.”

Ẹ gbọ́ o. Èmi ni mo foríjì wọ́n.

Ọkọ mi kò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ bá wọn láwọn nìkan, tàbí kí n kọ́kọ́ padà sí Iba, níbi tí mo ti ba orúkọ wọn jẹ́? Yunifọ́ọ̀mù náà bá Tómiwá mu rẹ́gí. Ó ní òun fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, mo sì ti ní a máa lọ ní Sátidé. Bí Bàbá Káyọ̀dé bá tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà wọn, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo máa kọ́kọ́ sọ?