Tìróò Ojú Ọmọ

Lórí ìlà ilé ìwòsàn kan ní Mushin, obìnrin kan tó gbé ọmọ ọwọ́ ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú mi.

"Màmá, ẹ má lé tìróò sí i lójú mọ́. Dókítà ní òjé ló wà nínú ẹ̀, ó sì ti wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ."

"Òjé inú bátìrì mọ́tò?"

"Òun náà ni, mà."

"Tìróò tí ìyá mi lé fún mi, tí mo lé fún ìwọ náà."

"Mo mọ̀, Màmá."

Ìyá náà ti ìgò tìróò bọ inú báàgì, ó tún yọ ọ́ jáde, ó tún dá a padà. Ojú ọmọ ọwọ́ ló kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà ló wá tẹjú mọ́ ọmọ tirẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́? Ta ló ti yẹ ẹ̀jẹ̀ tìẹ wò?"