Ọjọ́ Tí Mo Ka Orúkọ Fọlájìmí Sókè

Alága wa, Alàgbà Babalọlá, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà ìjọ tí ẹ ti Hellersdorf wá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Harburg láàárọ̀ yìí, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi Jámánì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn yẹn, mò ń gbọ́ yín o! Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Ìbíwùmí dìde láti dágbére, torí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́.

Ọdún méjìdínlógún ni mo fi jókòó sí Beratungsstelle, ọ́fíìsì ìgbaninímọ̀ràn wa ní Marzahn, tí mò ń bá yín ka lẹ́tà ìjọba, tí mò ń bá yín dá a lóhùn. Roseline, ìwọ tí a jọ ṣe é, dìde kí wọ́n rí ẹ. Ẹ wò ó! Gbogbo òfin tí ẹ rò pé mo mọ̀, òun ló mọ̀ ọ́n. Ariwo ni tèmi. Ṣé a tún lè rí irú rẹ̀? A ò lè rí i.

Nígbà tí òfin tuntun dé, tí wọ́n ní ẹgbẹ́ lè gba Erlaubnis, ìwé àṣẹ ìjọba, kí wọ́n máa gbin igbó fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn, mo rẹ́rìn-ín. Kí ló pa èmi ọmọ Aládùúrà pọ̀ mọ́ igbó? Àfi ìgbà tí Fọlájìmí wọlé wá. Harburg ló ń gbé, ìyá rẹ̀ wà ní Hellersdorf. Láyé òfin àtijọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọlọ́pàá mú un tòun ti igbó tí kò kún ọwọ́, ó sì ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rin. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n fẹ́ gba Erlaubnis. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò kí ìwé lè yá, torí ẹ̀sùn àtijọ́ ń dí i lọ́wọ́. Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Ṣé ó wá yẹ kí ará ìyókù fi í sílẹ̀ nínú kòtò? Mo ní rárá o. A kọ̀wé pé kí wọ́n pa ẹ̀sùn àtijọ́ yẹn rẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Èsì ò tètè dé, ara mi ò gbà á. Mo gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú. Mo rò pé àdúrà tó bá ní àlàyé ló ń yára gbà, ni mo bá kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: orúkọ, ẹ̀sùn, oṣù mẹ́rin. Mo kà á sókè ketekete. Ìyá Fọlájìmí wà níbẹ̀, mo ṣe bí wọ́n ti mọ̀. Àṣé ọmọ ti sọ fún wọn pé inú ọkọ̀ ojú omi lòun ti ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo oṣù mẹ́rin yẹn! Màmá wò mí. Wọ́n ní, "Ìbíwùmí, mo gbààwẹ̀ kí ọkọ̀ yẹn má rì."

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín báyìí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Màmá gbé báàgì wọn, wọ́n jáde. Lọ́jọ́ kejì, Fọlájìmí fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi: "Mummy, ẹ ṣeun." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dùn mí ju èébú lọ. Àṣírí tí ọmọ ọlọ́mọ fi pa mọ́ sí mi lọ́wọ́ ni mo tú, mo sì fi àdúrà bojú.

Oṣù méje ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò jáwọ́ nínú ìwé rẹ̀ o. Roseline ló ń bá mi fi í ránṣẹ́. Wọ́n ti pa ẹ̀sùn náà rẹ́. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Erlaubnis dé, orúkọ Fọlájìmí ló wà níwájú. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́!

Fọlájìmí, mo rí ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ. Mi ò rò pé wàá wá. Mo jẹ̀bi rẹ, mo jẹ̀bi Màmá. Orúnkún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mo fi kúnlẹ̀ yìí. Ẹ dárí jì mí.

Áà, má dọ̀bálẹ̀, ọmọ mi! Màmá, ẹ̀yin náà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà mí, màá dìde. Ìwé kí lẹ tún gbé lé mi lọ́wọ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tí ẹgbẹ́ Fọlájìmí kọ. Wọ́n ní òfin sọ pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan tí yóò máa gba ọmọ ẹgbẹ́ níyànjú, kí igbó má baà ba ayé wọn jẹ́. Ẹni tí wọ́n lè sọ tinú wọn fún. Orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni... Yéè! Èmi kẹ̀? Èmi tí mo tú àṣírí? Fọlájìmí, ṣé ó dá ẹ lójú?

Ó ní ó dá òun lójú.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ìwé ẹnikẹ́ni há nínú yín. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọmọ yín yóò ṣí. Ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ọ̀nà ń bínú. Alága, ẹ má bínú, ìdágbére mi ti bàjẹ́: mo ti tún ríṣẹ́, ọjọ́ Ajé ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Gbogbo yín pátá, ẹ ṣé o!