Omi Kì í Ṣọ̀fọ̀

Níbi tí a tò sí nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo ní Ikpinlè ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, àwọn tó ń ṣe omi inú ọ̀rá tà.

"Omi yẹn ṣì ń rùn," obìnrin náà wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti da iyọ̀ sí i títí."

"Iyọ̀ kì í pa kòkòrò. Ẹfun inú omi ni iyọ̀ ń fọ̀ kúrò lára àwọn horo wínníwínní inú ẹ̀rọ tí a fi ń sẹ́ omi yẹn. Ṣé o tọwọ́ bọ̀ ọ́? Ó ń yọ̀ bí ara ìgbín."

"Ṣé kí n da jáfẹ́ẹ̀lì tí a fi ń fọ aṣọ funfun sí i?"

"Díẹ̀ ni o. Fi omi púpọ̀ là á, kó o wá fi omi tó mọ́ ṣàn án títí òórùn rẹ̀ á fi lọ. Tó bá le jù, á jẹ àwọn horo náà. Ibo la ó ti rí òmíràn?"

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ̀yin lẹ ní kí n ti ẹ̀rọ pa títí a ó fi sin ìyá wa tán. Ẹ ní gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ dákẹ́ nítorí rẹ̀, ni omi bá dúró sínú ẹ̀rọ títí ó fi bà jẹ́."

Ó ti kàn wọ́n nídìí ẹ̀rọ àgbàdo, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò sún síwájú.

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀," ó wí. "Àwa ló yẹ ká jókòó ṣọ̀fọ̀, kì í ṣe omi. Ìyá yẹn, láyé rẹ̀, kò jẹ́ kí omi sùn nínú ìkòkò rí."