Mo Gé Gúáfà Tata Sàlámátù Nítorí Ìlara

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ìyàwó tuntun ní Tchaourou, ní Benin níbí. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi pàápàá. Inú mi dùn púpọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ayọ̀ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Tata Sàlámátù, bí a ṣe ń pe àǹtí níbí, ni aládùúgbò wa. Wọ́n gbin gúáfà sẹ́yìn ilé wọn, wọ́n sì fún mi ní ọmọ igi mẹ́rin. Wọ́n ní kí n hú u tòun ti yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, kí n dúró di ìrọ̀lẹ́ kí n tó tún un gbìn, kí n sì máa bomi rin ín. N kò gbọ́. Ọ̀sán gangan ni mo fà á tu tí mo rì í mọ́lẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kú.

Ti Tata so. Wọ́n ń tà á fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n máa ń mú díẹ̀ wá fún mi, ìyẹn ló tún ń dùn mí jù.

Lọ́dún tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí ẹgbẹ́ òṣèlú pọ̀, tí gbogbo wa ń yọ̀ pé a fẹ́ dìbò, Tata lọ dìbò ní Alafiarou, níbi tí orúkọ wọn wà. Mo mú àdá, mo wọ ẹ̀yìn ilé wọn, mo gé gbogbo ẹ̀ka igi náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ó lè kú ni mo ṣe gé e.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Ẹ̀rù bà mí. Mo parọ́ pé mo bá wọn gé e ni, kí ó lè yọ ẹ̀ka tuntun.

Wọ́n ní, “O ṣeun, àbúrò mi. Ká máa retí òjò.”

Òjò dé, igi náà rúwé yọ̀yọ̀. Nígbà tó máa fi di ọdún kejì, èso ń fa ẹ̀ka wálẹ̀. Tata mú mi kiri àdúgbò, wọ́n ń ròyìn ọwọ́ mi. Àwọn èèyàn wá pè mí láti Tchatchou pé kí n wá bá àwọn gé tiwọn. Ìgbà yẹn ni mo tó wá kọ́ igi gígé ní tòótọ́, iṣẹ́ náà sì dùn mọ́ mi. Èmi àti Tata di tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

Lọ́sẹ̀ yìí ni wọ́n sọ ọmọ-ọmọ Tata lórúkọ. Ráfíátù ni, orúkọ mi.

Tata sọ níwájú gbogbo èèyàn pé, “Orúkọ ẹni tó ṣe mí lóore ni.”

A jó, a rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún. Wọ́n rò pé ayọ̀ nìkan ni.

Àná, mo pọn ọmọ náà títí ó fi sùn sí mi lẹ́yìn. Ó dùn mọ́ mi, ojú sì ń tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó jù mí lọ, ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ fún Tata kí n jẹ́wọ́, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Tata ti ní kí n wá bá àwọn gé gúáfà lọ́la.